Ọjọ́ tí ìyálé mi darúkọ Akọ́wé lójú àna

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín lónìí, ẹ̀bi sì ni ẹjọ́ náà o.

Ẹ ti mọ̀ mí. Èmi Ìyá Ṣèyí, oníbàtà òkìrìkà l'Áyétòrò. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti gba dìgírì! Oníbàárà tó bá ní bàtà mi ti gbó, màá bi í pé ṣé ẹsẹ̀ tirẹ̀ tuntun ni? Gbogbo nǹkan ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Èyí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ojú ló ń tì mí.

Ọ̀rọ̀ ìyálé mi ni, Màmá Dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ti dolóògbé ló fẹ́ wọn. Láti Ìwòyè-Kétu ni wọ́n ti gbé wọn wá sílé wa, ó ti lé lógójì ọdún. Nígbà tí wọ́n gbé èmi náà dé, Màmá Dúpẹ́ ni wọ́n fà mí wọ yàrá, tí wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń pe àwọn ará ilé. Ẹ sáà mọ̀ pé ìyàwó kì í darúkọ ẹni tó bá nílé. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá kí o tó wọlé, ọkọ rẹ ni, àdàpè ni wàá fi máa pè é. Màmá ló sọ àbúrò ọkọ wọn kan, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ọkọ tèmi, di Akọ́wé, nítorí pé ó máa ń fi báírò sétí ní kékeré. Akọ́wé ọ̀hún ti di olórí ẹbí báyìí, irun ti kúrò lórí, kò sì sí ìyàwó tó lè lanu pè é ní Múfútáù.

Ó tó ọdún kan sẹ́yìn tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọn á bi mí bóyá mo ti jẹun. Màá dáhùn. Kí n tó gbẹ́sẹ̀, wọ́n tún ti bi mí. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ se òmíràn fún mi ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màmá gbé ẹrù lọ sọ́jà lọ́jọ́ tí ọjà ò ná. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá sí ìsọ̀ mi, bàtà pupa wà lẹ́sẹ̀ òsì, dúdú wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Mo pariwo pé kí àwọn oníbàárà wá wo àrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Kùtọnu! Màmá wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wò mí.

Ṣé kò yẹ kí n ti rí nǹkan kan lójú yẹn? Ẹ̀rín kò jẹ́ kí n ríran.

Ó wá di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ Akọ́wé. Ààfáà jókòó, àwọn àna jókòó, ilé kún. Bí wọ́n ṣe ṣàdúrà tán, Màmá nàka sí Akọ́wé, wọ́n ní, "Múfútáù! Gbé omi wá fún mi jàre, o kàn jókòó bí ère."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Akọ́wé.

Ta ló kọ́kọ́ la ẹnu? Ta ni ì bá tún jẹ́? Mo ní, "Yéè! Màmá darúkọ ọkọ lójú àna!" Akọ́wé wolẹ̀. Dípò kí Màmá tọrọ gáfárà, wọ́n ní, "Kí ló dé? Àbí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ ni?"

Háà! Mo ní opó ti fẹ́ di baálé. Ìyẹn ò tó mi. Nígbà tí mo délé ìdáná, mo sín Màmá jẹ, mo gba ohùn náà sórí fóònù: "Múfútáù, gbé omi wá!" Mo jù ú sínú gúrúùpù àwa obìnrin ilé, ìyàwó àti ọmọ. Àwọn kan nínú yín tó ń ka èyí gbọ́ ọ, ẹ sì fi àmì ẹ̀rín ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ o.

Akọ́wé fúnra rẹ̀ ní ká fi í sílẹ̀, pé àgbà ti dé sí Màmá. Mo ní ká má rí i! Tí a bá gbójú fo èyí, ìyàwó kékeré á máa pè é ní Múfú lọ́la. Bí àwa obìnrin ilé ṣe fẹnu kò nìyẹn: títí Màmá yóò fi kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ kí wọn, kò gbọdọ̀ bá wọn jẹun. Tí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n padà s'Íwòyè-Kétu, ilé bàbá wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi ṣe é. Màmá á kí wa, a ó wo ibòmíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí wọn tí wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ dání, tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn jẹ ẹ́. Wọ́n kan tèmi. Mo wà nínú ilé. Mi ò ṣí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Èyí tó burú jù ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, àwa ìyàwó ń ṣa ẹ̀wà lágbàlá, Màmá yọ sí wa. Wọn ò wo ẹlòmíràn, iwájú èmi tí wọ́n gbà sílé ni wọ́n kúnlẹ̀ sí. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi. Àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá, mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo wọn. Ẹ kọ́ mi, màá mọ̀ ọ́n."

Mo bú sẹ́rìn-ín! Mo pàtẹ́wọ́. Mo rò pé tíátà ni wọ́n ń ṣe kí ọ̀rọ̀ lè tán. Mo ní, "Ìyàwó tuntun, eléwú lórí! Ẹ gbé omi wá ká wẹsẹ̀ ìyàwó!" Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín.

Màmá jókòó sílẹ̀. Wọ́n ká ìró sókè díẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú mi. Wọ́n ń dúró de omi.

Ẹ̀rín kú mọ́ wa lẹ́nu. Ìyàwó kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ojú Màmá mọ́ bí ojú ọmọge, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá agbè omi ń bọ̀.

A pe Dúpẹ́, ọmọbìnrin wọn tó ń ṣe tíṣà n'Ílaró. Ó dé, a jọ gbé Màmá lọ sí ọsibítù l'Ábẹ́òkúta. Dókítà ní àìsàn ọpọlọ ni, kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í sì í ṣe àfojúdi. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ìrántí, ó lè gbé àná sọnù kó sì gbé ogójì ọdún sẹ́yìn wá síwájú ẹni, ó sì máa ń tú ìjánu ẹnu ẹlòmíràn. Oògùn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò lè dá ohun tó lọ padà.

Mo jókòó, mò ń rò ó. Àìsàn ló tú ìjánu ẹnu Màmá. Kí ló tú tèmi?

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ bọ̀, Dúpẹ́ mú fóònù jáde. Mo ti gbàgbé pé ó wà nínú gúrúùpù náà! Ó tẹ̀ ẹ́. "Múfútáù, gbé omi wá!" Ohùn mi ni, pẹ̀lú ẹ̀rín mi lẹ́yìn rẹ̀. Màmá sùn lé èjìká rẹ̀. Ó jẹ́ kó kọ tán, ó sì ti fóònù padà sínú báàgì.

Ó sàn kó gbá mi létí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kúnlẹ̀ níwájú Akọ́wé àti gbogbo obìnrin ilé. Mo ní èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, èmi ni mo kó wọn sòdì. A fagi lé òfin burúkú yẹn. Akọ́wé ní, "Ìyàwó, mo ti ní kí ẹ fi í sílẹ̀."

Ó wá ku Màmá fúnra wọn. Mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: bàtà, ohùn orí fóònù, ilẹ̀kùn tí mi ò ṣí. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n mi orí.

Wọ́n ní, "Ìyàwó wo nìyẹn? Kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé rárá! Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà?" Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń fọwọ́ pa á. "Má bá a rìn o, ọmọ mi. Ìwọ dáa."

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, bóyá orí wọn á pé díẹ̀. Nǹkan kan náà ni wọ́n sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbà nílé, tó bá yí padà lójijì, tó di aláìmọ̀wàáhù tàbí tó ń bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo láàárọ̀ lálẹ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kí ẹ tó pe ìpàdé ẹbí. Ẹ̀yin tí ohùn yẹn ṣì wà lórí fóònù yín, ẹ bá mi pa á rẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ẹni tí mo ṣẹ̀ kò mọ̀ pé mo ṣẹ òun. Ta ni kí n wá lọ bẹ̀? Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín rí, ẹ kọ bí ẹ ṣe ṣe é síbí. Mò ń kà á, mi ò ní fi yín ṣẹ̀fẹ̀.