Bàbá Bóyá àti Iṣẹ́ Ojú Ọ̀nà Kan

Ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún ló tò sẹ́yìn tírélà Bàbá Bóyá láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ fún ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun lésì. Orí ọkọ̀ ti wọ inú géètì wọn, ìdí rẹ̀ ṣì wà lójú títì. Ibẹ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì sí, ó káwọ́ lẹ́rán. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sáré dé, òógùn ti bò ó.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ṣé ẹ ń wọlé ni àbí ẹ fẹ́ padà sẹ́yìn?”

Bàbá Bóyá wò ó tàánútàánú. “Ọmọ mi, ohun tí èmi náà ń bi ara mi láti ìdájí nìyẹn.”

Bàbá Bóyá ti di ẹni ilẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n títí di òní, ìyàwó rẹ̀, ìyá aránṣọ, kì í lè sọ ìtàn yẹn kó má rẹ́rìn-ín di ìbàdí mú. Ọdún méjìlélógún ni ọkọ rẹ̀ fi ń gbé ẹrù káàkiri: sìmẹ́ńtì lónìí, àga lọ́la, oúnjẹ adìẹ lọ́túnla. Ibi tí ẹrù bá ń lọ ni òun náà ń lọ. Bí ìyàwó bá bi í pé ọjọ́ wo ló máa dé, á ní, “Bóyá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bóyá Ọjọ́rú.” Bí orúkọ ṣe so mọ́ ọn nìyẹn.

Kó má baà dà bíi pé wọ́n ń purọ́ mọ́ òkú: bó bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, kò sí iyèméjì kankan lára rẹ̀. Ó lè fi ẹ̀yìn tírélà wọ ibi tí kẹ̀kẹ́ ń bẹ̀rù. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ ni wàhálà dé. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúró pẹ́ níwájú bàtà dúdú àti bàtà pupa, ó wá wọ ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní òun kò fẹ́ ṣojúsàájú.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun kọ̀wé sí pé àwọn fẹ́ kó máa wa ọkọ̀ fún àwọn nìkan. Á máa gbé ìyẹ̀fun láti ilé tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ lọ sí ilé búrẹ́dì, á sì padà. Owó oṣù wà, ilé ló máa sùn lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un láti fèsì. Ìyá aránṣọ ka ìwé náà fún un lẹ́ẹ̀mẹta nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Ọ̀nà kan ṣoṣo?”

“Ọ̀nà kan ṣoṣo.”

“Lójoojúmọ́?”

“Lójoojúmọ́.”

“Tí mo bá wá mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà náà tán ńkọ́? Kí ni mo tún fẹ́ máa wò?”

Ó gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ. Mẹkáníìkì ní, “Ẹ gbà á, bàbá. Bí ẹ ṣe ń di ẹ̀yìn yín mú yìí, ọ̀nà jíjìn ti ń gba agbára lára yín.” Bàbá Bóyá ní òótọ́ ni, òun ti gba iṣẹ́ náà. Ó yà lọ gẹ irun, ó sọ fún onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fò bí ẹyẹ, ẹ wá fẹ́ di adìẹ inú àgò?” Bàbá Bóyá fò dìde lórí àga, ó ní òun ń lọ sọ fún ìyàwó òun pé òun ò ṣe mọ́. Ààbọ̀ orí ló gẹ̀ délé.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀. “Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ kí n máa wálé lójoojúmọ́?”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ obìnrin náà lọ́wọ́. Ọdún méjìlélógún ló ti ń dá sùn káàkiri bẹ́ẹ̀dì bó ṣe wù ú. Tí ọkọ bá wálé, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ a dà bí ìgbéyàwó tuntun. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ to òwú ìránṣọ rẹ̀ fún un láìbẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, bí òjò ńlá bá ń rọ̀ tí ọkọ wà lọ́nà, ojú ibi tó ń rán lára aṣọ máa ń wọ́ bí ejò.

“Mi ò mọ̀,” ló sọ nígbẹ̀yìn.

Bàbá Bóyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Yéè! Ó ti ràn ọ́!”

Ọmọbìnrin wọn, tíṣà, ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, nígbà tí mo wà ní kékeré, fèrè ọkọ̀ ni mo fi mọ̀ yín. Ó dún, ẹ dé. Ó dún, ẹ ti lọ.” Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Bàbá Bóyá wa ọkọ̀ lọ sí ẹnu géètì yẹn.

Máníjà fúnra rẹ̀ ló jáde wá, obìnrin tó mọ ènìyàn. Ó gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má gba iṣẹ́ kankan. Ẹ ṣáà bá wa gbé ẹrù tòní.”

“Tòní nìkan?”

“Tòní nìkan.”

Ìyẹn yé e. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó wọlé. Ọjọ́ kejì, máníjà tún ní kó gbé tòní. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń gbé tòní.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. “Mo ti kọjá ilé búrẹ́dì láti nǹkan bíi wákàtí méjì. Ọ̀nà ń dán, mo ní kí n wo ibi tó parí sí.”

“Ṣé ó ti parí?”

“Kò tíì jọ bẹ́ẹ̀.”

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ á dé, á fọwọ́ fọsẹ̀, á jókòó ti ìyá aránṣọ, á ní òun fẹ́ bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ojú ọkọ kò ríran dáadáa mọ́. Ohun tí obìnrin náà lè ṣe kó tó ṣẹ́jú, ọkọ á máa lé e, á máa pọ́n òwú lá, á máa bá ihò abẹ́rẹ́ jà. Ìyàwó kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Á kàn gbé aṣọ sórí itan, á máa dúró dè é.

Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló mú Bàbá Bóyá lọ. Ilé ló wà, lọ́sàn-án, ìyàwó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Àwọn awakọ̀ wá kún pálọ̀, wọ́n ń rántí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín wọn ń dé ìta. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọmọ jókòó ti ìyá rẹ̀.

“Ìyá mi, ní tòótọ́, ṣé bàbá gba iṣẹ́ yẹn àbí wọn ò gbà á?”

Ìyá aránṣọ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. “Wọn ò sọ fún mi,” ló wí. “Wọ́n kàn ń wálé ni.”

Ẹ̀rín pa á. Ó rín in, ó rín in, àfìgbà tí ohùn rẹ̀ yí padà. Ó fi etí aṣọ nu ojú, ọmọ rẹ̀ sì fa àga tirẹ̀ súnmọ́ ọn.