Ojú Ọmọ Onílé

Nílé wa ní Onitsha, bàbá mi ò gbà kí a ya ohun ẹlẹ́mìí. Mùsùlùmí ni, aṣọ ló ń tà ní Iweka Road, ó sì gbà pé ẹni tó bá ya ojú ènìyàn, Ọlọ́run á ní kó fún un ní ẹ̀mí lọ́jọ́ ìkẹyìn. Á bi mí pé, "Ṣé o ní ẹ̀mí tí wàá fún un?" Mi ò ní. Nítorí náà kẹ́tù àlùwàlá, sálúbàtà àti àga ni mò ń yà.

Ọmọ onílé wa ló kọ́ mi. Ọmọ Ìgbò ni, ó jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí mo bá ti tẹ pẹ́ńsù mọ́ ìwé báyìí, á ní, "Softly! Na yam you dey dig?" Ó ní kí n fi ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí n máa fi dúdú kún un díẹ̀díẹ̀, torí dúdú tó bá ti wọ ìwé lára kì í tán níbẹ̀ mọ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà sí, kí n fi funfun ìwé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n wo nǹkan pẹ́ ju bí mo ṣe ń wo ìwé lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò, bó ṣe ń fi abẹ gbẹ́ pẹ́ńsù, pẹ̀lú àtàǹpàkò tí èékánná rẹ̀ là. Bàbá mi gbà mí láyè láti ya ọwọ́. Ó ní ohun tí kò lórí, kò lẹ́mìí.

Nígbà tí ogun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwa sọdá odò lọ sílẹ̀ Yorùbá. Òun wọṣẹ́ ṣọ́jà. Kò padà wálé.

Lẹ́yìn ogun tí a padà dé, ihò ọta ló kún ara ògiri. Òrùlé ti jó, gbogbo fọ́tò inú ilé sì bá a lọ. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ti rù kan eegun. Kò tíì kí bàbá mi tán tó fi kọjú sí mi, ó pè mí ní ọmọ rẹ̀.

"Nwa m, you sabi look. Draw my pikin face for me. I don dey forget am."

Mo wo bàbá mi. Ó wo ìyá náà, ó ní:

"Yà á fún Màmá. Bí Ọlọ́run bá máa bèèrè, èmi ni kó bi."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ kankan lọ. Ṣùgbọ́n àṣẹ kì í kọ́ ọwọ́ níṣẹ́. Mo mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé ara kẹ́tù, mi ò mọ bó ṣe ń bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo ojú tí mo yà, ojú àlejò ni. Mo fi rọ́bà pa á rẹ́ títí ìwé fi lu. Inú bí mi, mo ṣẹ́ pẹ́ńsù, mo sì sunkún.

Níkẹyìn, mo ya ohun tí mo mọ̀: ọwọ́ rẹ̀, abẹ, àtàǹpàkò àti èékánná tó là. Mo gbé e lọ fún ìyá rẹ̀.

"Na him hand! Na my pikin hand be this!"

Ó ń fi ìka tọ ojú èékánná náà títí dúdú pẹ́ńsù fi lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó yí ẹ̀yìn ìwé wò, ó tún yí i padà, ó gbójú sókè sí mi.

"Him face nko?"

Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ó ń dúró dè mí títí tó fi kú.