Ìlà Mẹ́rin ní Èdè Sogdia

Nígbà tí wọ́n tẹ gbogbo ìwé tán lórí ẹ̀rọ, mo mú ọ̀kan, mo wò ó. Ìlà mẹ́rin tí mo fọwọ́ kọ ní èdè Sogdia ti yí sódì, bí ẹni pé inú dígí la ti ń wò ó.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Pápá Àjàó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lápá ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí pépà ṣọ̀wọ́n bí imí eégún. Èmi ni mo ń ya àwòrán, tí mo sì ń fọwọ́ kọ lẹ́tà tí ẹ̀rọ wa kò ní. Dókítà Adéṣínà, olùkọ́ ìtàn ní yunifásítì, ló gbé iṣẹ́ náà wá, ìwé ìtàn kan tó kọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé oníṣòwò ni àwọn ará Sogdia, láti agbègbè ìlú Samakandi. Àwọn ló ń kó sílíìkì láti Ṣáínà gba inú aṣálẹ̀ kọjá. Èdè wọn bá ti Páṣíà tan, wọ́n sì ń fi í nájà káàkiri ojú ọ̀nà yẹn, kó tó di pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń kọ ọ́ lọ sí òsì. Mo kọ́ bí lẹ́tà kan ṣe ń so mọ́ èkejì títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́, kí n tó kọ ọ́ sórí pépà fẹ́lẹ́ tí èèyàn lè rí òdìkejì rẹ̀. Pépà fẹ́lẹ́ yìí ni ẹni tó ń ya iṣẹ́ wa sórí fíìmù kí a tó tẹ̀ ẹ́ dojú rẹ̀ délẹ̀, ló fi yí sódì.

Ọ̀gá wa, Bàbá Ràṣídì, wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Bísí, ta ló máa mọ̀? Àwọn tó ni èdè ọ̀hún ti kú tán. Jẹ́ ká di ìwé náà."

"Ọ̀gá, tó bá jẹ́ Yorùbá la kọ sódì ńkọ́?"

"Àwọn Yorùbá á bínú. Ta ló máa bínú nítorí àwọn wọ̀nyí?"

"Èmi ni, sà."

Ó mí kanlẹ̀. Pépà tí a ó fi tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ kò sí. Mo ní kí a tún ìlà mẹ́rin náà tẹ̀ bó ṣe yẹ sórí àwọn àgékù pépà, kí n máa lẹ̀ ẹ́ bo ti tẹ́lẹ̀ nínú ìwé kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ lo máa lẹ̀ ẹ́ o."

"Mo gbọ́, sà."

Mo po sítáàṣì, mo jókòó tì í. Ẹ̀yìn ń ro mí, ìka mi ń lẹ̀ mọ́ra. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Kúdí, tó máa ń ká ojú ìwé pọ̀ kí a tó dì í, wọ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀ wá.

"Àǹtí Bísí, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an?"

"N kò lè kà á o. Kíkọ nìkan ni mo mọ̀."

"Èmi náà ń ka Lárúbáwá, n kò gbọ́ ọ. Ẹ fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì."

Nígbà tó yá, Bàbá Ràṣídì náà ká apá aṣọ sókè, ó jókòó tì wá.

A ti ń parí rẹ̀ lọ nígbà tí Dókítà dé. Ọ̀gá sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ṣí ìwé kan, ojú rẹ̀ le. Ó fi ìka sí ọwọ́ ọ̀tún ìlà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ bò ó mọ́lẹ̀.

Bàbá Ràṣídì nawọ́ sókè. Wọ́n pa ẹ̀rọ.

"Ẹ tún un kà, Dókítà."

Ó tún un kà, díẹ̀díẹ̀. Níbi ọ̀rọ̀ kan, ó dúró. "Kanth," ó ní. "'Ìlú' ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òun ni 'kandi' tó wà níparí orúkọ Samakandi."

"Kanth," Ìyá Kúdí tọ́ ọ wò lẹ́nu.

Gbogbo wa pè é tẹ̀ lé e, tàwa ti sítáàṣì lọ́wọ́.