Ìgbà Tí Mo Ń Wá Ẹni Tí Yóò Bá Wa Ka Àlejò Orí Ìkànnì

Òórùn ilẹ̀ tútù inú àpò ọ̀rá dúdú ló máa ń gbé mi padà sí ìgbà tí mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́ ọmọ ọ̀pẹ tà láàárín Sakété àti Pobẹ̀. Láràárọ̀, kí oòrùn tó mú, wọ́n á ti bomi rin gbogbo ọmọ ọ̀pẹ inú àpò náà, òórùn náà á sì gba ojú fèrèsé wọ yàrá kékeré tí a fi ṣe ọ́fíìsì wa ní Pobẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé gíga dé láti Àjàṣẹ́ ni. Èmi nìkan ni mo mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa nínú ẹgbẹ́, mo sì rí i dájú pé gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí àgbẹ̀ kan bá béèrè ohun kékeré lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ Faransé gígùn ni mo fi ń dá a lóhùn, n ó wá máa wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti rí i pé mo kàwé.

Ẹgbẹ́ wa ní ìkànnì kan lórí ayélujára. Apá kan rẹ̀, tí a ń pè ní ewé Faransé, jẹ́ àkọsílẹ̀ ní èdè Faransé, pẹ̀lú àwòrán. Apá kejì, ewé ohùn, kò ní àkọsílẹ̀ púpọ̀, ohùn ni. Ìyá àgbàlagbà kan ní Yoko, tó ti ń tọ́ ọmọ ọ̀pẹ láti ìgbà tí ìyá mi wà lọ́mọge, ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Ànàgó wa: bí a ṣe ń mọ ọmọ ọ̀pẹ tó ti tó gbìn, ìgbà òjò tó yẹ kí a gbé e lọ sóko, bí a ṣe ń fi wáyà yí ìdí rẹ̀ ká kí ọ̀yà má bàa jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti òkèèrè ní àwọn yóò tún ìkànnì náà kọ́, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wá ilé iṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí nínú kíka àlejò orí ìkànnì, èyí tí yóò sọ fún wa iye ìgbà tí ènìyàn ń wọlé, ibi tí wọ́n ti ń wá, àti ohun tí wọ́n ń wò. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá wò, a ó yọ ọ́ dànù. Alága wa, olùkọ́ ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì, tí gbogbo wa ń pè ní Mẹ́tìrì, gbé iṣẹ́ wíwá ilé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́.

N kò wá jìnnà. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Kútọnù ni ọkàn mi lọ bá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀gá wọn fi mọ́tò wá bá wa, ó wọ kóòtù nínú ooru, ó sì to ìwé ẹ̀rí oríṣiríṣi sórí tábìlì bí ẹni tó ń pàtẹ ọjà. Mo ṣílẹ̀kùn ìkànnì wa fún un, lọ́sẹ̀ kejì ó mú ìwé aláwọ̀ mèremère dé. Ó ní ewé Faransé ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ewé ohùn, òdo ni. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ṣí i. Kí n má purọ́, inú mi dùn, nítorí èmi fúnra mi rò pé ohùn ìyá arúgbó kò yẹ ẹgbẹ́ tó fẹ́ bá ayé rìn. Mo kọ lẹ́tà ojú ewé méjì sí Mẹ́tìrì pé kí a bá wọn ṣe àdéhùn, kí a sì pa ewé ohùn rẹ́. Mẹ́tìrì ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó dáa," ló wí. "A ó fọwọ́ sí i ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o lọ sọ fún ìyá náà ní Yoko. Ohùn rẹ̀ la fẹ́ pa, kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Mo gun alùpùpù lọ sí Yoko. Mo bá a níbi tó ti ń fa koríko kúrò nínú àpò ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti tò lẹ́sẹẹsẹ lójú ọ̀nà.

"Ṣé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rárá?" ló bi mí.

"Òdo ni wọ́n rí, Ìyá. Ẹ̀rọ ló kà á."

Kò bínú. Ó fa koríko kan sí i, ó gbọn erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ dànù. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá síbí láti òdìkejì ibodè. Ó ní òun ń wá ìyá inú fóònù. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa ọ̀yà, ó kà á fún mi bí ọmọ ilé kéwú. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló ti wá." Ó wá gbójú sókè. "Ọmọ mi, ẹni tó ní kò sẹ́ni tó wá yẹn, ibo ló dúró sí tó ti ń wò?"

Mo ní n ó padà wá, mo sì dìde.

Mo yà ní Ìta-Ìjẹ̀bú lójú ọ̀nà, mo sì dá alùpùpù dúró. Ìtìjú ló dá mi dúró. Mo ti gba ọ̀rọ̀ ẹni tí n kò wádìí, mo sì ti fi í dá ẹjọ́ fún ẹni tí mo mọ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè. Èmi kò tilẹ̀ wo irú ojú tí mo yá.

Ní ọjọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mú nọ́ńbà ara ìwé ẹ̀rí tí ọ̀gá Kútọnù kó wá, mo yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìkànnì àwọn tó ń fúnni ní ìwé náà. Ìwé wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n fún, kì í ṣe ilé iṣẹ́. Àkókò rẹ̀ ti kọjá, ẹni tó sì ni orúkọ ara rẹ̀ ti fi ilé iṣẹ́ Kútọnù náà sílẹ̀. Mo pe ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ náà, oníṣòwò aṣọ ní Àjàṣẹ́. Ó ní, "Ìwé àbọ̀ iṣẹ́ wọn dára lójú, ṣùgbọ́n n kò tíì lóye ẹyọ kan nínú rẹ̀. Nígbà tí mo sì fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní abẹ́ orúkọ àwọn ni gbogbo àkọsílẹ̀ mi wà, pé n kò lè kó o lọ."

Oníṣòwò yìí kan náà ló júwe obìnrin kan fún mi, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ènìyàn méjì péré ní Àjàṣẹ́. Òun náà ní ìwé ẹ̀rí. Mo ránṣẹ́ pè é wá sí Pobẹ̀, mo sì yẹ ìwé rẹ̀ wò kó tó dé: àkókò rẹ̀ kò tíì kọjá, orúkọ rẹ̀ gan-an ló sì wà níbẹ̀. Nígbà tó dé, mo sọ fún un pé mo ti wádìí rẹ̀. Mo rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun, Madáàmù Akọ̀wé. Ìwé yẹn ń sọ pé mo mọ irinṣẹ́ lò. Kò sọ pé mo mọ iṣẹ́ yín."

Mo bi í bóyá ó yẹ kí a yọ ewé ohùn. "N kò tíì mọ̀," ló dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ó ní kí n mú fóònù mi, kí n ṣí ewé Faransé. Lójú ẹsẹ̀, àmì kan yọ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀: àlejò kan ti wọlé. Ó ní kí n wá ṣí ewé ohùn. Ohùn ìyá náà kún inú yàrá, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀yà àti wáyà, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, kò sí nǹkan kan. Mo pa á, mo tún un ṣí. Kò sí. Ó wá ṣàlàyé fún mi, láìfi Faransé kankan sí i, pé ewé kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní òǹkà tirẹ̀, bí ilé tí a fi aṣọ́nà sí gbogbo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ìkànnì wa ló fi ewé ohùn kún un nígbẹ̀yìn, ó sì gbàgbé láti fi òǹkà sí i. Òdo yẹn kò túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó wá. Kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n ni.

"Ó tún ku ọ̀kan," ló wí, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Púpọ̀ nínú ìbẹ̀wò ewé Faransé, inú ilé yìí ló ti ń wá. Ta ló máa ń ṣí i láràárọ̀?"

Èmi ni. Èmi ni mo máa ń ṣí i kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí mo sì tún máa ń ṣí i han ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Èmi ni àlejò tí mo ń fi yangàn.

Ní ìpàdé, ìwé àdéhùn Kútọnù wà níwájú Mẹ́tìrì pẹ̀lú bírò lórí rẹ̀. Mo dìde, mo sọ ohun gbogbo fún ẹgbẹ́, títí kan ti àlejò tó jẹ́ èmi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mẹ́tìrì kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ lẹ́tà pé kí a fọwọ́ sí èyí?"

"Èmi ni, Mẹ́tìrì."

"Ìwọ náà ló ń sọ pé ká má fọwọ́ sí i?"

"Èmi náà ni. Mi ò wádìí nígbà yẹn. Mo ti wádìí báyìí."

"Nígbà tí mo ń kọ́ ọmọ," ló wí, "ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìdáhùn tí kò tọ̀nà rẹ́, tó sì tún un ṣe, máàkì rẹ̀ máa ń pé lọ́wọ́ mi." Ó sún ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ní kí n pe obìnrin Àjàṣẹ́ wọlé. A bá a ṣe àdéhùn pé abẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ni gbogbo àkọsílẹ̀ yóò máa wà, àti pé lóṣooṣù yóò máa ṣàlàyé ohun tó rí lójú gbogbo wa ní èdè wa. Bí ẹnì kan bá ní kò yé òun, yóò tún un sọ.

Kó tó di òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, ewé ohùn ti ta ewé Faransé yọ pátápátá, púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbọ́ ọ sì jẹ́ ará òdìkejì ibodè. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn láti gbọ́. Èyí tí Ìyá ti sọ̀rọ̀ nípa ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀, wọn kì í gbọ́ ọ tán. Mo padà lọ sí Yoko lọ sọ fún un, ẹ̀rù sì ń bà mí díẹ̀. "Ó gùn jù," ló dáhùn. "Oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èmi náà lọ nígbà tí mo ń sọ ọ́." A tún un gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, lábẹ́ igi, ní ìdajì àkókò ti àkọ́kọ́.

Mo ti dàgbà díẹ̀ sí i báyìí. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní agbègbè Sakété máa ń ránṣẹ́ pè mí bí wọ́n bá fẹ́ gba irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́, mo sì máa ń lọ láìṣiyèméjì. N kì í kẹ́gàn ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó lọ kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí kò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wá gbaṣẹ́ bá ti tẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tán, mo máa ń bi í ní ohun kan tí mo mọ̀ pé kò lè mọ̀ kó tó wò ó, kí n lè gbọ́ bóyá yóò sọ pé òun kò mọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí ju ti ìgbà tí mo ń fi Faransé dẹ́rù ba àgbẹ̀. Kì í ṣe pé mo wá mọ ohun gbogbo. Ojú kì í tì mí mọ́ láti sọ láàárín àwùjọ pé kò tíì yé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.