Alábàárò Mi Ní Kí N Wá Jẹun

Bọ́sẹ̀ ọmọ ọmọ mi bí ọkùnrin, Táyọ̀ àbúrò ẹ̀ gbéyàwó, ẹ bá mi dúpẹ́! Àmọ́ ìrẹsì ìkómọ ṣẹ́kù sílé.

Ó pé ọjọ́ mọ́kànlá lónìí tí mi ò jẹ àjẹkì. Àdéhùn ẹgbẹ́ wa, àwa tá a fẹ́ jáwọ́ nínú àjẹkì, ni pé kí ọwọ́ tó kan ìkòkò, ká kọ́kọ́ pe ẹnìkejì. Mo pe Ìyá Ràṣídà, alábàárò mi nínú ẹgbẹ́, lórí fóònù ní Oko Ọba.

"Ẹ ǹlẹ́ o."

"Ẹ wá jẹun o!"

Ẹ̀kọ́ ilé tú àṣírí ẹ̀!

"Kí lẹ ń jẹ?"

"Ṣàkì. Abọ́ kẹta. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ti ṣí ìdérí."

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ inú ìkòkò ni tiwa wà.

A rẹ́rìn-ín títí, a ní ká gbé ìkòkò méjèèjì fún aládùúgbò, fóònù létí. Mo gbé tèmi. Kí tiẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà, káàdì mi tán!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ṣé ẹ rò pé ó gbé e dé ọ̀hún? Mo ń fi káàdì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ránṣẹ́ sí i, kó pè mí kíá.