Gáàsì Tó Ń Fọ́jú Lálẹ́

Orúkọ rẹ̀ ni Fátókun. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé wọn ní Ìlerò kò gbọdọ̀ pe orúkọ náà létí ẹnikẹ́ni nígbà ayé rẹ̀. Bàbá Ọmọ́wùmí ni mò ń pè é, tòun ti ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lọ síbi àgbà ń rè báyìí, n kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń ròyìn ẹni láìdárúkọ rẹ̀. Kó má bínú sí mi.

Àgbẹ̀ oníṣu ni. Iṣu rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n iṣu kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Gáàsì ni. Àtùpà gáàsì kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa nígbà náà, irú èyí tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́ kó tó tàn, tí í máa hó ṣìì bí ẹni ń dín àkàrà, tí gbogbo àgbàlá á sì mọ́lẹ̀ kedere. Fátókun ló ni ín. Iná mànàmáná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a pa pọ́n-ùn tì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Bí wọ́n bá fẹ́ sin ìyàwó lọ ilé ọkọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbéra, Fátókun ni yóò sì gbé gáàsì karí tí yóò ṣáájú, tí ìyàwó àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e. Iná yẹn ni wọ́n fi mú èmi náà wọ ilé yìí. Ẹ bi ìyàwó mìíràn ládùúgbò wa, ohun kan náà ni yóò sọ fún yín.

Ọkùnrin náà sì mọ̀ ọ́n lára! Ọjọ́ tó bá ti gbé gáàsì, kì í dáhùn ìkíni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́, àfi kí ẹ kí i léraléra. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Dúróríkẹ́, aya rẹ̀, a máa sọ pé gáàsì ni ìyálé, òun ni ìyàwó.

Ọdún tí Ọmọ́wùmí fẹ́ lọ ilé ọkọ ni gáàsì wá ya alágídí. Ọmọ́wùmí ni àkọ́bí Fátókun, òun náà sì ni obìnrin kan ṣoṣo tó bí. Àárín ọyẹ́ ni. Bí Fátókun bá tan gáàsì lọ́sàn-án láti fi dán an wò, á tàn yanran. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí òtútù sì dé, iná á pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, á sín díẹ̀, á kú. Gáàsì tó ń ríran lọ́sàn-án tó ń fọ́jú lálẹ́! Àwọn ọ̀dọ́ sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, “Pẹ̀lẹ́ o, gáàsì Bàbá Ọmọ́wùmí.” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́.

Fátókun ṣe é títí. Ó pààrọ̀ àpò funfun tí iná máa ń jó lára rẹ̀. Ó tú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, ó mú fọ́nrán kan ṣoṣo níbẹ̀, ó fi gún ojú ihò kékeré tí epo ń gbà jáde. Ó nu dígí títí ó fi ń dán. Nígbà tó da kẹrosíìnì inú ikùn rẹ̀ jáde láàárọ̀ kan, ó bá kókó funfun nínú rẹ̀ bí ògì. Ó ní ẹni tó ta epo fún òun ló lú u. Ó bú oníkẹrosíìnì náà débi pé ó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni Jímọ̀ gun alùpùpù dé, tó fi agbádá bo etí nítorí òtútù. Àbúrò bàbá ọkọ ìyàwó ni. Ó bá Fátókun lórí ẹní níwájú ilé, gáàsì wà ní títú níwájú rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá àna wa. A gbọ́ pé ara gáàsì yín ò yá.”

“Ta ló wí bẹ́ẹ̀?”

“Gbogbo Ìlerò ni, bàbá. Ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Àwa náà ti ra tiwa. Òun la ó gbé wá nírọ̀lẹ́, òun la ó fi mú ìyàwó wa lọ.”

Ohun rere ni Jímọ̀ rò pé òun sọ. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Fátókun. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tó fi iná sin gbogbo ọmọ ọlọ́mọ, ṣé iná oníná ni yóò wá mú tirẹ̀ jáde nílé? Àánú rẹ̀ ṣe mí dé ọkàn. Gbogbo ẹ̀rín tí mo ti rín sẹ́yìn korò lẹ́nu mi.

Ibẹ̀ la wà tí Dúróríkẹ́ ti inú yàrá jáde, igbá òrí lọ́wọ́. Wọ́n ń fi òrí pa ìyàwó lára nínú ilé.

“Bàbá Ọmọ́wùmí, ẹ bá mi wá ọ̀bẹ o. Òrí yìí ti dì gbagidi, kò ṣeé fọwọ́ bù mọ́. Ọyẹ́ ọdún yìí le.”

Fátókun gbójú sókè. Ó ń wo igbá. Ó na ìka, ó fi kan òrí náà, ó le bí amọ̀ tó gbẹ. Ó wá fa ọ̀pá pọ́ǹpù gáàsì yọ, ó wo awọ rìbìtì tó wà ní ìdí rẹ̀, èyí tó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé. Awọ náà funfun, ó sì le.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tí a kì í fi òrí ṣe. Imú ọmọdé dí, òrí. Ẹsẹ̀ rọ́, òrí. Nígbà tí òróró tó fi ń pa awọ pọ́ǹpù tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òrí náà ni Fátókun bù sí i, ó sì ń bù ú lọ bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá mú, òrí á yọ́, awọ á rọ̀, díẹ̀ á sì ro sínú epo. Bí òtútù bá dé, èyí tó wà lára awọ á dì, èyí tó wà nínú epo á dì, gáàsì á sì pa ojú dé. Aláìṣẹ̀ ni oníkẹrosíìnì. Kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

“Èmi ni mo ń bọ́ ọ ní ohun tó ń pa ọ́!” Fátókun pariwo mọ́ gáàsì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Jímọ̀. “Àna mi, ẹ fún mi ní òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ nínú ìgò tí ẹ so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù yẹn.”

Jímọ̀ bù ú fún un láìmọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó dágbére, ó lọ.

Fátókun kò jẹun. Ó gbé kẹrosíìnì tuntun sínú oòrùn títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rọ ọ́ sínú ikùn gáàsì, ó mì ín, ó dà á nù, ó tún un ṣe títí kò fi sí kókó kankan mọ́. Ó fi àkísà nu òrí kúrò lára awọ, ó rẹ awọ náà sínú òróró Jímọ̀ títí ó fi rọ̀ bí etí ọmọ ewúrẹ́. Nígbà tó parí, kò tan án wò. Ó ní ọ̀sán kì í ṣe ẹlẹ́rìí, kí òtútù dé ná.

Òtútù dé. Ẹkún ìyàwó ti ń dún nínú ilé. Fátókun da sípírítì sínú àwo kékeré ìdí iná, ó ṣáná sí i, ó dúró kó gbóná. Lẹ́yìn náà ló fún un ní afẹ́fẹ́. Pọ́ǹpù ń ti ọwọ́ rẹ̀ padà, afẹ́fẹ́ ti kún inú rẹ̀. Iná pọ́n, mo sì di ojú mi. Ohun tí mo gbọ́ ni ṣìì! Nígbà tí mo la ojú, mo rí kòkòrò lára ògiri ilé kejì. Gbogbo àgbàlá hó yèè. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.

Jímọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ yọ lọ́ọ̀ọ́kán, tàwọn ti gáàsì tuntun wọn. Nígbà tí wọ́n wọ àgbàlá, Jímọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Ẹ pa tiwa. Iná àna wa tó wa.”

Ṣé ẹ mọ̀ pé bàbá ìyàwó kì í bá wọn sin ọmọ rẹ̀ dé ilé ọkọ. Fátókun súre fún Ọmọ́wùmí, ó gbé e dìde. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé gáàsì lé Ládòkun àbúrò rẹ̀ lórí, ó sì ń tún òṣùká rẹ̀ ṣe títí ìyẹn fi ní, “Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n, mo ti dì í mú.”

Wọ́n gbéra. Iná ṣáájú, ìyàwó tẹ̀ lé e. Òkùnkùn bo àgbàlá wa, n kò rí ẹsẹ̀ ara mi mọ́. Dúróríkẹ́ ń táràrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Bàbá Ọmọ́wùmí, ẹ jẹ́ kí n tan fìtílà.”

Fátókun dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ò kúrò lójú ọ̀nà.

“Má tíì tàn án,” ó ní. “Mo ṣì ń rí ọmọ mi.”