Omi Àlùwàlá ní Ìdí Igi Lọ́fínńdà

Ẹni tó bá ní ìtọ́jú arúgbó kò le, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú màámi o. Mo fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí: kí n jí, kí n wẹ̀ fún wọn, kí n po ògì, kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó lo oògùn, kí n dúró de mẹ́ruwà tó ń ti omi kiri lórí ọmọlanke, nítorí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ní Doka, ní Kàdúná níbí, ìgbà tó bá wù ú ló ń yọ.

Àwọn àbúrò mi ní ilé, wọ́n ní iṣẹ́, wọ́n ní ọmọ. Èmi tí mo kó padà láti ilé ọkọ láìbímọ, tí mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, èmi ni ọwọ́ mi dilẹ̀ lójú wọn. Bí wọ́n bá dé láti Gonin Gora lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọmọ wọn á fi Háúsá kí ìyá àgbà, àwọn fúnra wọn á ní, "Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú o, Ọlọ́run á san án fún yín." Àmín. Wọ́n á sì wọ mọ́tò wọn padà. Ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Malali sọ fún mi pé òun ní igi kan tí kì í fẹ́ ìtọ́jú. Oògùn màámi ni mo lọ rà o, mi ò ní igi kankan lọ́kàn. Ó já ewé kan, ó fọwọ́ rún un, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Lọ́fínńdà ni, lọ́fínńdà àtijọ́ inú ìgò kékeré, àmọ́ ó le ju ti ìgò lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ta mí nímú. Ó ní irú méjì ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n fi rí i: ọ̀kan tí òórùn rẹ̀ dùn, ọ̀kan tó lágbára tó sì ń tóbi. Ó ní kí n má fún un lómi àfi tí ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ, pé omi ló ń pa á. Mo bi í bóyá màá lè gbin èso rẹ̀ tó bá yá. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ba ta haihuwa, Hajiya," ó ní. Kì í bímọ. Ẹ̀ka rẹ̀ lèèyàn ń gé, tí wọ́n á tún un gbìn.

Haba! Mo ń rò ó pé ta ló rán ọkùnrin yìí sí mi. Mo rà á.

Mo gbìn ín bó ṣe wí. Mo lu ihò sí ìdí báàkẹ́ẹ̀tì tó ti sán, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, mo po yanrìn mọ́ iyẹ̀pẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí oòrùn ti ń pa á látàárọ̀. Ọyẹ́ Kàdúná tó ń la gbogbo wa létè kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo máa ń ré orí rẹ̀ kó lè pẹ̀ka. Tí mo bá ti parí ti màámi, màá lọ dúró tì í, màá fọwọ́ pa á lórí, màá gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ mi. Kì í ké pè mí. Kì í jẹun tán kó tún ní ebi ń pa òun. Nínú gbogbo ilé yẹn, òun nìkan ni mo lè pè ní tèmi.

Màámi ta tùràrí àti lọ́fínńdà lọ́jà kí ojú wọn tó di bàìbàì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ewé igi náà sí wọn nímú, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ayédèrú." Inú mi dùn. Mi ò mọ̀ pé mo ti fa ọ̀ràn.

Kò pẹ́ tí ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń wọ́ dànù. Mo ki ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀, ó tutù rìnrìn. Nínú ọyẹ́! Mo ní ṣé àǹjọ̀nú ló ń bomi rin ín ni? Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń sá aṣọ, mo rí wọn. Màámi ti ṣe àlùwàlá ìrun Alásárì tán. Wọ́n ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ kejì gbá bàsíà tí omi àlùwàlá kán sí mọ́ àyà, wọ́n rọra dé ìdí igi mi, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí i. Ìrun márààrún ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Màámi! Ẹ ń pa igi mi o!"

"Omi ń pa igi? Láti ìgbà wo?"

Nílé wa, a kì í da omi àlùwàlá síbi tí ẹsẹ̀ yóò ti tẹ̀ ẹ́. Omi tó ti fọ ojú àti ọwọ́ fún ìrun, ìdí ohun ọ̀gbìn ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tiwọn ń ṣe ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa. Ta ló tiẹ̀ máa da omi tí a fowó rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà nù? Mo ṣàlàyé, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tó di ìrun Mọ̀gàríbì, wọ́n tún dà á. Bóyá wọ́n gbàgbé ni, bóyá agídí ni, mi ò mọ̀, ó sì ti rẹ̀ mí jù láti wádìí.

Mo gbé báàkẹ́ẹ̀tì náà lọ sẹ́yìn ilé, mo gbé ẹ̀fínrín sí àyè rẹ̀. Ojú wọn ò kúkú ríran tó bẹ́ẹ̀. Àbí mo ti gbàgbé pé imú ni wọ́n fi jẹun ní gbogbo ayé wọn? Wọn ò tíì da omi ọwọ́ wọn tí wọ́n fi ní, "Ẹ̀fínrín nìyí. Igi rẹ dà?" Mo wà ní ilé ìdáná, mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ìgbà tí mo máa yọjú, wọ́n ti ń wá igi kiri ọgbà pẹ̀lú bàsíà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ wọn ti wà létí gọ́tà. Mo sáré, mo di wọ́n mú. Omi náà dà sí àwa méjèèjì lára.

"Ṣé ẹ fẹ́ ṣubú ni?" Ìbínú ni mo fi sọ ọ́. "Kí ló dé tí ẹ ò lè fi igi yìí sílẹ̀ fún mi? Nǹkan kan ṣoṣo ló jẹ́ tèmi nínú ilé yìí!"

Wọ́n jókòó sórí àpótí. Aṣọ wọn ti tutù. Wọn ò bínú.

"Nítorí pé tìẹ ni," wọ́n ní. "Ẹni tó bá gbin igi, tí igi náà bá wà láàyè, tí èèyàn ń jàǹfààní rẹ̀, láádá rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run ò ní tán, kódà lẹ́yìn ikú. Àwọn àbúrò rẹ ní ọmọ tó máa ṣe àdúà fún wọn, ì báà jẹ́ ní Háúsá. Ìwọ ńkọ́? Tí mo bá lọ, tí ìwọ náà bá tẹ̀ lé mi, ta ló máa dárúkọ rẹ? Mo ní kí igi yẹn má ṣáà kú ni."

Èmi tí mo ti ń rò ó pé èmi ni mò ń tọ́jú wọn. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò nù ún, mo kàn ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ wọ aṣọ míì.

Lọ́jọ́ kejì mo gé àwọn ẹ̀ka tó ṣì dára lára igi náà, mo já ewé ìdí wọn kúrò, mo gbìn wọ́n sínú agolo mílíìkì tí mo rọ yanrìn kún, mo kó wọn sẹ́yìn ilé níbi tí màámi ò lè dé. Igi náà fúnra rẹ̀, mo gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí màámi ti ń da omi àlùwàlá wọn. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i. Ó kú. Mo fi ọ̀kan nínú àwọn inú agolo rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn náà kú nígbà òjò. Mo tún fi òmíràn síbẹ̀.

Bí mo ṣe wà nìyẹn. Igi tí mo rà torí pé kì í fẹ́ ìtọ́jú, òun ni mò ń gé, òun ni mò ń gbìn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó ta gbòǹgbò. Iṣẹ́ ti kún iṣẹ́. Ó rẹ̀ mí, wallahi. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ọjọ́ tí màámi nawọ́ tí wọ́n kan igi tó ti kú.

Lánàá, wọ́n da omi wọn tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ wá orí igi náà, wọ́n sì gbóòórùn ìka wọn.

"Kò ga," wọ́n ní. "Àtọdúnmọ́dún, kò ga rárá."

"Kò ga, màámi."

"Àmọ́ kò kú. Alihamudulilahi. Ṣé o rí i pé omi mi ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, màámi."

Mo gba bàsíà lọ́wọ́ wọn, mo mú ọ̀bẹ, mo lọ sẹ́yìn ilé lọ gé ẹ̀ka mìíràn.